Bí Mo Ṣe Gbẹ̀san Ìdánwò Kòkó

Òórùn kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà kò jọ òórùn kankan mìíràn láyé. Ní ọjọ́ kejì tí a bò ó mọ́lẹ̀, bí àgàdàgídí tó ti ń kan ni ó máa ń rùn. Ní ọjọ́ kẹrin, yóò máa ta sánsán sí imú bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, bí a bá ti rántí yí i po lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo kíkan yẹn yóò ti rọlẹ̀, omi rẹ̀ yóò ti ro tán, ìwọ yóò sì máa gbọ́ òórùn kan tó wúwo, tó móoru, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n kó èso pamọ́ sí. Níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn lónìí, ojú akọ̀wé kan báyìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bí ojú náà ṣe rí ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà Akanran. Inú mi a sì dùn. N kò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ ti gorí ọjọ́, orí mi ti funfun, inú mi ṣì máa ń dùn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akanran ju ìrìn wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ilé kéú nìkan ni mo lọ ní kékeré. Mo lè ka Kùránì, mo lè kọ orúkọ mi, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ni mo kà bí ẹni ka ìwé. Mo ní ọ̀bẹ kékeré kan tí mo fi ń la hóró rẹ̀ ní òòró, kì í ṣe ní ìbú, nítorí pé ní òòró nìkan ni inú rẹ̀ ti í hàn tán. Mo mọ èyí tí kò lo ọjọ́ rẹ̀ pé lábẹ́ ewé: inú rẹ̀ máa ń rí bí síléètì, ó máa ń le, kò ní ìlà. Mo mọ èyí tó ti hù, tí ihò kékeré wà ní ìdí rẹ̀ níbi tí ọmọ rẹ̀ ti yọ. Mo mọ èyí tó bu, tí nǹkan funfun bí òwú ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí èèpo òde ṣì ń dán tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí ìsàlẹ̀ bá móoru ju òkè lọ, mo mọ̀ pé kò gbẹ. Bí mo bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́bàá etí mi, ìró rẹ̀ ni yóò sọ iye oòrùn tó kù fún un láti yá. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní púpọ̀ nínú èyí. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, mo ń là á, mo ń wò ó, mo sì ń bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ìjọba ti jáwọ́ nínú kòkó rírà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ àti òṣùwọ̀n ni ó ń rà á. Wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra gbígbẹ. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé àwọn tó ń gbà á lókè òkun ti ń ráhùn, àwọn aláṣẹ sì gbé òfin kan jáde ní ìhà ọ̀dọ̀ wa: àpò kòkó kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní àgbègbè kan àyàfi bí ayẹ̀kòkówò tó ní ìwé-àṣẹ bá ti là á wò tí ó sì ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò fún ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ìkórè méjì ni ìwé náà yóò sì fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tún dán ènìyàn wò. Bí ẹni náà bá jẹ́ ará abúlé yín, ẹ bọ́. Bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ óò máa ru kòkó lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ohun tó bá sì pè é náà ni yóò máa jẹ́. Bàbá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa pe ìpàdé sí iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni du nǹkan. Wọ́n kàn nawọ́ sí mi pé, "Èyí tó ń fi imú ka kòkó yìí náà ni."

Inú sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Akanran ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ọ̀gá tó wá dán wa wò jẹ́ ará ọ̀nà jíjìn, kò gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, inú ìwé yẹn ni gbogbo ìbéèrè ti ń jáde, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má bẹ̀rù, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn ni yóò máa ṣe ògbufọ̀. Akọ̀wé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó de táì pupa, ó fi pẹ́ńsùlù há etí. Ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, nítorí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, n kò ní fi ọ̀wọ̀ yẹn kún un.

Wọ́n to àpò kòkó sẹ́yìn wa títí kan àjà. Mo ń gbọ́ òórùn wọn, mo tilẹ̀ ti mọ̀ pé ọ̀kan tó wà lápá òsì kò gbẹ. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n dìde lọ là á. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀gá ní báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kòkó gbẹ tó. Inú mi dùn sí ìbéèrè náà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ròyìn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo sọ ti ìgbọ̀nwọ́ nínú àpò, mo sọ ti ìró lẹ́bàá etí, mo sọ pé tí a bá fi ìka méjì tẹ èèpo rẹ̀, fífọ́ ni kí ó fọ́, kò gbọdọ̀ rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Akọ̀wé yíjú sí ọ̀gá, ó sọ ohun tí kò gùn ju èémí kan lọ. Ọ̀gá kọ nǹkan sílẹ̀. Ó tún ní kí ni n ó ṣe bí mo bá rí kòkó tó bu nínú àpò ẹnì kan. Mo ní n ó da àpò náà sórí ẹní, n ó pò ó, n ó pín in sí mẹ́rin, n ó ka ọ̀ọ́dúnrún hóró jáde, n ó la gbogbo rẹ̀ lórí pátákó lójú ẹni tó ni ín. Bí èyí tó bu bá ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kò ní rí òǹtẹ̀ mi, kódà kí ó jẹ́ ti bàbá tó bí mi. Akọ̀wé tún sọ̀rọ̀ kúkúrú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tó bá eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gùn. Má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí àwa ń fi ogún ọ̀pá aṣọ rán ni àwọn ń fi ọ̀pá kan rán, mo sì ń yìn wọ́n nínú ọkàn mi pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni wọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kan rí, báwo ni yóò ṣe mọ bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ òun gùn tó níbẹ̀? Nígbà tí a parí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, àyà mi kan símẹ́ńtì. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn wà lára ohun tí n kò dárí rẹ̀ jì í.

Tíṣà obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé wa níléèwé, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ funfun wọn. Wọ́n wá fi ìwé iléèwé jíṣẹ́ ní Akanran lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jókòó dè mí lábẹ́ fèrèsé sítọ́ọ̀ kí a lè jọ wọ ọkọ̀ padà. Pikọ́ọ̀pù tí a wọ̀ kún fún ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ kan sì wà láàárín wa. A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó bi mí bóyá mo mọ ohun tí akọ̀wé sọ fún ọ̀gá. Mo ní ohun tí mo sọ náà ni. Wọ́n mirí.

"Wọ́n bi ẹ́ bí wàá ṣe mọ̀ pé kòkó gbẹ. Ó ní o ní bí ó bá ti wù ẹ́ lójú, ó gbẹ nìyẹn." Wọ́n gbójú kúrò lára mi, bí ẹni tí kò fẹ́ gbé ìyókù kalẹ̀. "Èyí tó bu ńkọ́? Ó ní o ní wàá pò ó mọ́ èyí tó dáa, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀."

Mo rántí pé ewúrẹ́ náà ń jẹ etí agbádá mi, n kò sì lé e. Ọ̀rọ̀ burúkú wà tí ènìyàn lè sọ sí mi tí n ó gbàgbé. Pè mí ní òpè, pè mí ní ará oko, n ó rẹ́rìn-ín, nítorí ará oko ni mí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi ẹnu mi sọ pé n ó po kòkó tó bu mọ́ èyí tó dára! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bọ́ mi sí ìhòhò, tí wọ́n sì tún ní èmi ni mo bọ́ aṣọ fúnra mi.

Orúkọ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó akọ̀wé, tó ń gbé ní abúlé kejì sí tiwa, ni wọ́n fún ní ìwé-àṣẹ àgbègbè wa. Níwájú orúkọ tèmi, tíṣà ka ohun tí wọ́n kọ: kò yẹ, kò ṣeé fọkàn tán, kò gbọdọ̀ padà wá títí ìkórè méjì yóò fi kọjá. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tó fi ẹnu mi sọ. Mo rò pé yóò sẹ́. Kò tilẹ̀ kà mí sí ẹni tí ènìyàn ń sẹ́ nǹkan fún.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó wí," ó ní, "kó fi ẹnu ara ẹ̀ wí i. Bá mi ti ilẹ̀kùn bóo bá ń lọ."

Mo ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́. Ìbínú tó ń pariwo kì í pẹ́ tán. Tèmi kò pariwo rárá.

Ìkórè méjì gbáko ni a fi ru kòkó lọ sí abúlé kejì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó akọ̀wé kò mọ nǹkan kan. Ní ìbú ni ó ń la kòkó, bí ẹni ń gé ilá. Ohun tó bá sì jẹ́ ti abúlé wa, bó ti wù kó dára tó, ipò kejì, tí owó rẹ̀ kéré, ni yóò pè é. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó pe kòkó Bàbá alága ní ipò kejì. Kòkó tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn yí lórí ẹní ní wákàtí wákàtí, tí wọn kì í jẹ́ kí ìrì kan kàn án. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dì í mú lọ́wọ́. Nígbà tí a dé etí odò lójú ọ̀nà ilé ni wọ́n tó ní, "Ó ti sọ mí di ọ̀lẹ lójú àwọn ọmọ mi." Mo kó èyí náà mọ́ tèmi. Bí ènìyàn ṣe ń kó igi ìdáná jọ ni.

Tíṣà ló bá mi yá ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé yẹn. Ní ọ̀sán, bí àwọn ọmọ bá ti lọ, n ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, orúnkún mi yóò máa kan àgbọ̀n mi. Bí a ṣe ń kọ́ kéú ni mo ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: mo kọ́kọ́ há a sórí, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Tíṣà ní wọn kì í kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mo ní èmi bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n kọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo lè ka ìwé náà láti èèpo dé èèpo láìwò ó, títí kan orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀. Títí dòní, ohun tí mo bá fetí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ní èdè yẹn kì í kúrò lórí mi. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì gùn. Àwọn ibì kan wà tó gùn ju Yorùbá lọ. Bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ gígùn kan, inú á tún bí mi lákọ̀tun. Mo ń sọ ọ́ fún igi kòkó lóko, mo ń sọ ọ́ lójú oorun. Ìyàwó mi ní bí mo bá máa ya wèrè, kí n fi Yorùbá ya á kí òun lè mọ ibi tó ń dùn mí. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé mo fẹ́ràn ìwé. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ìwé ló gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Ẹ̀san ni.

Nígbà tí ìkórè méjì pé, mo padà sí Akanran. Akọ̀wé ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba nígbà náà, ó ti ṣí sítọ́ọ̀ tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó wọ abúlé wa, ó ń ra kòkó. Wọ́n fẹ́ fún mi ní ògbufọ̀ tuntun, mo ní n kò fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi dáhùn. Ọ̀gá kan náà ni, ìwé kan náà, ìbéèrè kan náà. Mo sọ ti ìgbọ̀nwọ́, mo sọ ti ìró, mo sọ ti ọ̀ọ́dúnrún hóró lórí pátákó. Kò sí ohun tí mo fi kún ìdáhùn mi ti ìṣáájú. Ọ̀gá fi bírò sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú ìdáhùn yìí láti ìgbà tí òun ti dé àgbègbè yìí, ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Kò rántí mi. Ó wà ní góńgó ahọ́n mi láti sọ fún un pé iwájú tábìlì rẹ̀ yìí gan-an ni mo ti sọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo gbé e mì. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, inú yàrá kan ni ojú yóò ti ti akọ̀wé, ojú méjì péré ni yóò sì rí i. Èmi ń fẹ́ ojú púpọ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé-àṣẹ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó akọ̀wé tún ìdánwò ṣe bíi tiwa, kò sí ẹnu akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni sítọ́ọ̀ akọ̀wé ṣe di ohun tó gbọ́dọ̀ wá gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó gbọ́, a gbọ́ pé ó rẹ́rìn-ín, ó ní ògbufọ̀ tuntun tí wọ́n gbà sí ọ́fíìsì ló ṣàánú mi.

Òjò kò tètè dá lọ́dún náà. Oṣù tó yẹ kí oòrùn máa yan kòkó, òjò ń pa á lórí ẹní. Akọ̀wé ra tútù tó pọ̀, ó kọ́ àtíbàbà sẹ́yìn ilé, ó sì dáná igi sábẹ́ kòkó náà kí ó lè yá. Ìwọ tí o mọ kòkó mọ ohun tí mo ń sọ. Kòkó tí èéfín bá wọ̀ kò ní àtúnṣe mọ́. Kì báà gbẹ bí egungun, òórùn ẹja yíyan kò ní kúrò nínú rẹ̀ láé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa lu òǹtẹ̀ ní sítọ́ọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ti Akanran wá wo bí ọwọ́ mi ti rí, gbogbo abúlé wa sì tú jáde wá wo ayẹ̀kòkówò tiwọn, ọkùnrin, obìnrin, àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n.

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan fún ọ. Àwa tí ń yẹ kòkó wò, bí a bá rí àbùkù nínú kòkó ènìyàn, a kì í pè é sókè. A ó dojú ọ̀bẹ délẹ̀ lórí pátákó, a ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Olóhun yóò ti mọ̀. Yóò tẹ̀ lé wa lọ sẹ́yìn ilé, a ó sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́, yóò gbé àpò rẹ̀ kúrò, kò sí ẹni tí yóò gbọ́, nítorí pé orúkọ àgbẹ̀ wà nínú kòkó rẹ̀. Mo ti wúkọ́ fún ènìyàn bíi mẹ́fà lọ́sẹ̀ yẹn nìkan. Bí mo ti tú okùn àpò àkọ́kọ́ ní sítọ́ọ̀ akọ̀wé, èéfín náà gbá mi nímú. Mo la hóró kan, mo la ìkejì. Akọ̀wé ti sún mọ́ ẹ̀yìn ilé díẹ̀, ó ń retí kí n wúkọ́.

N kò wúkọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e fún àwọn obìnrin tó wà níwájú pé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. "Èéfín ni," ni mo wí, mo sì wí i kí ẹni tó wà lójú títì lè gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì péré, akọ̀wé kò sì fura, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè mọ ọ̀rọ̀ méjì.

Ó yára bọ́ síwájú ọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń sáré sọ ọ́, ó ń nawọ́ sí àwọn ènìyàn wa láìwo ojú wọn, bí ènìyàn ṣe ń nawọ́ sí ẹrù. Bàbá alága bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé kí ló ń wí. Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo yíjú sí wọn.

"Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ibí yìí, ẹranko gbọ́n jù wọ́n lọ. Ó ní ẹ máa ń bu omi sí kòkó lóru kó lè wúwo."

Obìnrin kan ní, "Àwa?" Mo ní, "Ẹ̀yin." Akọ̀wé ti yíjú kúrò lára ọ̀gá. Ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ojú yẹn ni mo sọ fún ọ níṣàájú.

"Ẹ máa bá a lọ, ọ̀gá," ni mo sọ fún akọ̀wé. "Mo ń gbọ́ yín. Mi ò ní jẹ́ kó ṣẹ́ kù."

Ọ̀gá ti Akanran kò mọ ohun tó ń lọ. Ó ní kí akọ̀wé dáhùn, ta ló dáná. Ìdẹkùn náà nìyẹn, ó sì dára ju èyí tí mo fi ọdún méjì rò lọ. Bó bá dákẹ́, ọ̀gá yóò gbà pé ó jẹ̀bi. Bó bá sọ̀rọ̀, n ó túmọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ló gbé tútù wá, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní Bàbá alága gan-an wà lára wọn, mo túmọ̀ rẹ̀, mo rí i tí ojú Bàbá ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan tí kò gùn. Ọ̀gá tilẹ̀ mirí sí i bí ẹni tó ṣàánú. Bàbá alága ní, "Kí ló tún wí?"

Mo ní, "Kò wí nǹkan gidi."

Wọn kò gba ẹyọ àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Bàbá alága dé fìlà wọn, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Láàárọ̀ lálẹ́ la máa ń kí ẹ," wọ́n ní. "A ò mọ̀ pé igbe ẹranko lò ń gbọ́." Wọ́n yíjú padà, gbogbo àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ará abúlé wa tó gbé kòkó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn abúlé tó yí wa ká. Kí ọyẹ́ tó parí, ó ti ti sítọ́ọ̀ náà pa. Mo gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò kó lọ, mo wọ bùbá mi tó dára jù, mo lọ dúró sí ẹ̀bá títì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sáàárín ẹrù nínú ọkọ̀, ó gbé ìkòkò lé itan, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Akọ̀wé wò mí. Kò de táì.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá ti Akanran ní kí n máa wá ṣe ògbufọ̀ nídìí ìdánwò. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n máa gbé àpò kòkó sílẹ̀ kí ẹni tí wọ́n ń dán wò fọwọ́ là á kí a tó bi í ní ohunkóhun. Ó ya ọ̀gá lẹ́nu pé òun kò ronú kan èyí rí. Ó ya èmi náà lẹ́nu, nítorí pé ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú àpò kan ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gba ìwé-àṣẹ lójú mi. Wọ́n máa ń sọ pé ògbufọ̀ bíi tèmi kò sí, pé n kì í fo ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, pé bí ènìyàn bá sín láàárín ọ̀rọ̀, n ó túmọ̀ sísín náà.

N kò kábàámọ̀ pé akọ̀wé lọ. Bí ó bá tún padà wá lọ́la, n kò ní wúkọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun kan tí n kò mọ̀ nígbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé: mo rò pé èdè rẹ̀ nìkan ni mo ń kọ́, n kò mọ̀ pé mo ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í kúrò lórí mi. Mo lè sọ gbólóhùn tó sọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yẹn báyìí, ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ní ohùn rẹ̀. Ohun tó wí ni pé òun bẹ àwọn àgbẹ̀ náà kí wọ́n gbé kòkó tútù wọn padà lọ sá, ṣùgbọ́n ebi wà nílé wọn lọ́dún náà, òun kò sì lè wo ojú àgbàlagbà kí òun dá a padà lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni. Mo ń kọjá lọ lọ́jọ́ tó ń bẹ Bàbá alága, mo gbọ́ ọ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún.